Àbọ̀ ìrìnàjò Bali: ibi tí mo lọ àti ibi tí mo fò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo béèrè pé ọjọ́ márùn-ún péré ni mo ní ní Bali, erékùṣù kan ní Indonesia, ibi mẹ́rìnlá ló wà lórí lísìtì mi, èwo ni kí n mú. Mo ti dé.

Ẹni tó ní kí n sùn ní Ubud, ìlú kan láàárín erékùṣù náà, fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó kọjá sí gúúsù, ìmọ̀ràn yẹn ló gbà mí, torí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ibi tí máàpù ní wákàtí kan, a lò ju méjì lọ. Oko ìrẹsì Jatiluwih tí ẹ ní kí n lọ dípò ti Tegallalang náà dáa gan-an: oko ìrẹsì bí àtẹ̀gùn, omi ń ṣàn láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, subak ni wọ́n ń pe ètò omi yẹn, UNESCO ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2012.

Uluwatu, tẹ́ńpìlì tó wà létí òkun, mo dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ijó kecak, ẹnu làwọn ọkùnrin yẹn fi ń ṣe "cak cak cak", kò sí ìlù kankan, ó yà mí lẹ́nu! Àmọ́ ọ̀bọ ti já awò ojú mi gbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kìlọ̀ fún mi, mo ṣagídí. Èso ni wọ́n fi gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ awò náà kan ti wọ́.

Tanah Lot, tẹ́ńpìlì orí àpáta inú òkun, ò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sí i: òkun ti kún, a ò lè rìn dé ìdí àpáta náà. Ẹ wo àsìkò tí omi ń fà kẹ́ ẹ tó lọ. Erékùṣù Nusa Penida àti òkè Batur ló kù, ọjọ́ ò tó. Ẹ ṣé gan-an.