Exhort: ṣé «rọ̀» ni àbí «gbà níyànjú»?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Iléṣà ni mo wà, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ní kí n túmọ̀ ìwé ètò ìdúpẹ́ sí Yorùbá, ibi tí wọ́n kọ exhortation sí ni mo há sí.

Bàbá mi ní ìyànjú ni, torí Hébérù 3:13 ní ká máa gba ara wa níyànjú lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta aṣọ lọ́jà Àtákúnmọ́sà ní ìkìlọ̀ ni. Èmi ò gbà: ẹni tó ń kìlọ̀ ń dẹ́rù bani díẹ̀, ẹni tó ń exhort ń ti èèyàn síwájú ni. Pàrọwà ńkọ́? Ẹ̀bẹ̀ ni ìyẹn ń dún létí mi.

Tó bá wá jẹ́ gómìnà ló exhort àwọn ọlọ́jà pé kí wọ́n san owó orí, ṣé ó rọ̀ wọ́n ni àbí ó gbà wọ́n níyànjú?

Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan ṣèèṣì kọ extortion síbẹ̀, bíi pé pásítọ̀ fẹ́ fipá gbowó lọ́wọ́ wa! A rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.