Despecho kì í ṣe ìbànújẹ́ ọkàn lásán o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Nípa ẹni tó bèèrè ohun tá a lè máa pe despecho ní Yorùbá, ìyẹn orin ìfẹ́ tó dàrú táwọn ará Kòlóḿbíà fẹ́ràn, mo rí i pé “orin ìbànújẹ́ ọkàn” lẹ ti fẹ́ẹ̀ fẹnu kò sí. Ẹ dákun, èmi ò gbà. Ẹni tí ìyá ẹ̀ kú ní ìbànújẹ́ ọkàn, ẹni tó féèlì JAMB náà ní i. Ẹni tó ń kọ despecho, inú ń bí i ni! Ọ̀pọ̀ bolero, ìyẹn orin ìfẹ́ jẹ́jẹ́ tó ti Santiago de Cuba wá, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀, àmọ́ irú èyí tí Darío Gómez kọ, olórin ọmọ Antioquia ní Kòlóḿbíà tí wọ́n ń pè ní Ọba Despecho títí tó fi kú lọ́dún 2022, ẹni tí wọ́n já jù sílẹ̀ ló jókòó ti aguardiente, ọtí líle wọn, tó ń sọ pé òun ò fẹ́ mọ́, kó máa lọ, tó sì jẹ́ pé ó ṣì ń wọ̀nà.

Látinì ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀, despectus, kéèyàn máa wo ẹlòmíì nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ohun táwa ń pè ní fífojú tẹ́ńbẹ́lú. Bóyá ohun tó jẹ́ kẹ́nì kan dábàá “ẹ̀tẹ́ ìfẹ́” nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ́, inú ilé ló ń sá sí, kì í gbé gìtá. “Ẹ̀hónú ìfẹ́” náà dùn létí, àmọ́ tí n bá ti gbọ́ ẹ̀hónú, páálí àti tíágáàsì ni mò ń rí.

Ẹ wá wò ó, ọ̀rọ̀ míì tó jọ ọ́, despechar, wà nínú díkíṣọ́nárì èdè Sípéènì, ara pecho, ìyẹn àyà, lòun ti wá, ìtumọ̀ ẹ̀ sì ni kí wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú. Wọn ò bára tan rárá o, etí ló so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí báwọn ìyá wa ṣe máa ń fi omi ewúro pa orí ọmú. Ọmọ á sáré wá, á fẹnu kàn án, á tutọ́ dànù, á lu ìyá ẹ̀ láyà, kò ní pẹ́ ó tún ti padà wá tọ́ ọ wò. Gbogbo ọjọ́ yẹn ìkanra ni, ẹni tó bá gbé e, á gé e jẹ.

Ohun tí mo mú wá nìyẹn: orin ìkanra-ìfẹ́. Ìbínú tí kò rí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ mú ló ń di ìkanra, tó ń bọ́ sórí ẹni tó wà nítòsí, ẹni tó já a jù sílẹ̀ ti bá ẹlòmíì lọ, ọlọ́tí nìkan ló kù tó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ibi tó há fún mi ni orúkọ ẹni tí despecho ń ṣe fúnra ẹ̀, despechado. Ẹni tó ń jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ la mọ̀ sí oníkanra, ìfẹ́ ò sí níbẹ̀. “Àjálẹ́nu-ọmú” ni mo kọ́kọ́ kọ, ìyàwó mi kà á, ẹ̀rín pa á, ó ní kí n má fi ránṣẹ́. Mo ti fi ránṣẹ́ báyìí, ẹ bá mi tún un ṣe.