Ṣé ká gé ìjúbà kúrò nínú orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ torí Spotify?

Ọmọ Kétu
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará. Èmi àti ẹgbẹ́ mi ń kọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, a gba orin mẹ́ta sílẹ̀ ní stúdíò kan l'Àjàṣẹ́, èyí tó gùn jù tó ìṣẹ́jú 14, a gbé e sórí Spotify, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan péré ni wọ́n gbọ́ kọjá ìgbà 1,000 lọ́dún tó kọjá, méjì yòókù ò mú fáráǹkì kan wá. Ọmọ tó bá wa gbé e sókè ní ká gé ìjúbà dànù, ká já orin náà sí ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ọkàn mi ò gbà á rárá. Kí lẹ rí sí i?

Àjàṣẹ́ ni mí
Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Láti 2024, orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12, Spotify ò sanwó fún un mọ́. Téèyàn bá sì ti gbọ́ ìṣẹ́jú àáyá 30 wọ́n ti kà á, orin ìṣẹ́jú 2 àti ti ìṣẹ́jú 14, ẹyọ kan náà ni. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé inú ìkòkò kan ni wọ́n ń da owó gbogbo wa sí kí wọ́n tó pín in, ìyá mi lè máa gbọ́ tiyín nìkan látàárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ èyí tó pọ̀ nínú owó ẹ̀ á lọ bá àwọn tí ò gbọ́ rí. SoundCloud, tóun náà ń gbé orin sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbìyànjú ọ̀nà míì ní 2021, kí owó ẹni tẹ̀lé olórin tó gbọ́.

Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi, ẹ má gé e! Ẹlẹ́fẹ̀, akọrin alẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó fẹ́ bá ìlú wí, àwọn ìyá wa ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ júbà fún, ibẹ̀ ló ti ń rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìjúbà ṣe orin kan lọ́tọ̀, kí ẹ wá kó odindi orin alẹ́ náà sínú kádì mẹ́mórì, kí ẹ tà á lọ́jà àti níbi òde. Èmi á rà á.

Ọmọ Kétu
Ẹ ṣé gan-an mà, ìyẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Tí rédíò bá lo orin wa ńkọ́, báwo la ṣe máa rí owó ẹ̀ gbà?

Àjàṣẹ́ ni mí
Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní Bubedra, àwọn ló ń bójú tó ẹ̀tọ́ olórin ní Bẹ̀nẹ̀. Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ni kẹ́ ẹ fi orúkọ yín sí o, èyí tí ẹ bá lọ́wọ́ àwọn bàbá yín, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.