Ẹ ràn mí lọ́wọ́: fọ́tò ìyá mi tí mo fẹ́ fọ̀ sí frémù ńlá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Ìyá mi máa pé 70 ọdún lóṣù tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ fọ fọ́tò wọn sí frémù ínǹṣì 16 sí 20.

Mo ti kọ́kọ́ fọ ọ̀kan. Lójú fóònù, ó ń dán gbinrin. Nígbà tó jáde lórí pépà, ojú wọn ṣú, àlàárì tí wọ́n wọ̀ sì wá dà bí àwọ̀ bíríkì. Ó dùn mí gan-an, torí aṣọ ìgbéyàwó wọn ni.

WhatsApp ni wọ́n fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí mi, 1200 sí 1500 píksẹ́lì (àwọn àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò). Mo wá ṣírò rẹ̀: 75 péré ló bọ́ sí ínǹṣì kan, bẹ́ẹ̀ 300 ni àwọn tó ń fọ̀ ọ́ ń béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ní ojúlówó rẹ̀ nínú kámẹ́rà. Tí mo bá gé e bá frémù mu, á ku 4000 sí 5000, ìyẹn 250 sí ínǹṣì kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé 250 tó, àbí kí n fi kọ̀ǹpútà fẹ̀ ẹ́ sí i? Ṣé kí èmi fúnra mi yí i láti RGB (ètò àwọ̀ ti ojú fóònù) sí CMYK (ètò àwọ̀ ti íǹkì ìtẹ̀wé), àbí kí n fi sílẹ̀ fún wọn? Èyí tó ká mi lára jù ni ti àlàárì yẹn: báwo ni mo ṣe lè mọ bí pupa rẹ̀ ṣe máa rí kí n tó sanwó? Ẹ ṣeun o.