Microbiology ni mo kà, gbogbo ayé ní kí n lọ ka Data Science ní Jámánì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Àkóbọ̀:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ibí, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Microbiology ni mo kà ní yunifásítì níbí, second class upper ni mo gbé jáde, CGPA mi 3.80, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó sì ti tó ọdún méjì tí mo ti wà ní láàbù ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà àti júùsì n'Ìbàdàn, èmi ni mo máa ń yẹ omi wò láràárọ̀ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Owó tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ n fi síbẹ̀.

Bàbá mi ti ní àwọn máa ta púlọ́ọ̀tì kan nínú ilẹ̀ àwọn l'Ákóbọ̀ kí n lè lọ ṣe másítáàsì. Jámánì la fẹnu kò sí torí wọ́n ní ilé-ìwé ìjọba ibẹ̀ ò gbowó. Wàhálà tó wá wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tí mo bá sọ̀rọ̀ tí kì í ní kí n gbàgbé Microbiology. Bọ̀ọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Data Science ni kí n lọ kà, pé ibẹ̀ lowó wà báyìí. Ẹ́jẹ́ǹtì tí wọ́n mú mi lọ bá náà ní Data Science, ó ní kí n ṣáà ti mú ₦850,000 wá, òun máa bá mi ṣe é délẹ̀. Àǹtí mi tó wà ní Manchester wá ní kí n tiẹ̀ jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ Jámánì, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn wá ka Public Health, pé òun ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà ń kà níbẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ò kọ kóòdù kankan rí láyé mi o, Excel ni mo mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹni tó ka Microbiology lè wọ Data Science ní Jámánì? Èwo ló tiẹ̀ níṣẹ́ nínú gbogbo ẹ̀ téèyàn bá parí? Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ò jẹ́ kí fóònù bàbá mi sinmi, ó fẹ́ ká dá òun lóhùn kóṣù yìí tó parí.

Bàbá_Dortmund:

Àbúrò, kú oríire bàbá. Sọ fún wọn kí wọ́n má tíì ta nǹkan kan.

Ohun tí àwọn tó ń sọ Data Science fún ẹ ò mọ̀, àbí tí wọ́n mọ̀ tí wọn ò sọ, ni pé ní Jámánì níbí transcript ẹ ló máa mú kọ́ọ̀sì fún ẹ. Másítáàsì wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, orí ohun tóo ti kà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ lé. Wọ́n á kọ ọ́ sójú ìwé gbàǹgbà pé iye ECTS báyìí, ìyẹn bíi yúnìtì kọ́ọ̀sì tiwa, làwọn fẹ́ nínú ìṣirò, iye báyìí nínú kọ̀ǹpútà, ẹnì kan á wá jókòó ti transcript ẹ, á máa kà á ní kọ́ọ̀sì kọ́ọ̀sì. Tí kò bá ti pé, ó parí nìyẹn, kódà ko gbé first class wá.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Físíìsì ni mo kà nílé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ wá, Computer Science ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, lèmi náà bá tẹ̀ lé wọn. Ilé-ìwé márùn-ún ni mo kọ̀wé sí láti orí uni-assist, àwọn tó ń bá ọ̀pọ̀ yunifásítì Jámánì gba fọ́ọ̀mù àwọn àjèjì, €75 fún àkọ́kọ́, €30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin tó kù, €195 ti lọ nìyẹn. Àwọn márààrún ló kọ̀ mí. Ìṣirò ò sì wọ́n mi o, kọ̀ǹpútà ni ò pé: kọ́ọ̀sì méjì péré, 100 level, tí lẹ́kúrà wa fi ẹfun kọ kóòdù BASIC sójú bọ́ọ̀dù torí iná ò sí, táwa náà ń dà á kọ sínú ìwé. Ta ló máa fún èèyàn ní ECTS lórí ìyẹn? Ọdún tó tẹ̀ lé e mo padà sídìí ohun tí mo mọ̀, kọ́ọ̀sì tó jẹ mọ́ físíìsì, ilé-ìwé mẹ́ta ni mo kọ̀wé sí, méjì ló gbà mí.

Ti pé wọn kì í gbowó ilé-ìwé, òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo. Baden-Württemberg, níbi tí Heidelberg, Stuttgart, Freiburg àti Tübingen wà, láti 2017 ni wọ́n ti ń gba €1,500 ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwa tá ò kì í ṣe ọmọ EU. TU Munich náà bẹ̀rẹ̀ ní 2024, tiwọn tiẹ̀ le, €4,000 sí €6,000 ní sẹ̀mẹ́sítà fún másítáàsì. Ibòmíì, owó sẹ̀mẹ́sítà táṣẹ́rẹ́ ni, nígbà míì ó máa ń kó owó ọkọ̀ mọ́ra. Owó tó máa jẹ ilẹ̀ bàbá ẹ gan-an ni blocked account, àkáǹtì tóo máa tì owó oúnjẹ ẹ mọ́, €11,904 fún ọdún kan. Tóo bá dé ibí wọ́n á máa yọ €992 fún ẹ lóṣooṣù. Owó ẹ ṣì ni, ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fún ẹ ní físà.

Àti ẹ́jẹ́ǹtì yẹn, kí ló fẹ́ fi ₦850,000 ṣe? Lọ sórí ojúlé DAAD, àjọ Jámánì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì, ọ̀fẹ́ ni, tẹ Microbiology síbẹ̀, mú èyí tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Bonn ní in, Jena ní in, Göttingen ní Microbiology and Biochemistry. Wo ohun tí wọ́n ń béèrè, ko gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ transcript ẹ. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ló máa gbà ẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Leicester:

Ẹ jẹ́ n dá sí ti Public Health torí ojú mi tó o. Zoology ni mo kà nílé, 2022 ni mo wá síbí wá kà á, £16,500 ni mo san. Nínú kíláàsì wa, tẹ́ ẹ bá ju òkò sókè, orí ọmọ Nàìjíríà ló máa bà, ká tún máa bá ara wa sọ Yorùbá níwájú òyìnbó tó ń kọ́ wa.

Mi ò sọ pé kọ́ọ̀sì yẹn ò dáa. Nọ́ọ̀sì, dókítà, ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ ìlera nílé, ó máa ń gbé wọn sókè dáadáa. Ṣùgbọ́n àwa tá ò ní láísẹ́ǹsì kankan lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, tá a rò pé ọ̀rọ̀ "health" tó wà lára orúkọ ẹ̀ máa gbé wa dé ọsibítù, a parí ẹ̀ tán a ò tíì di nǹkan kan. Iṣẹ́ kíà (care), ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ni mo lọ ṣe, mò ń wẹ ìyá àgbàlagbà, mò ń pààrọ̀ páḿpà, ìwé-ẹ̀rí másítáàsì mi wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilé-iṣẹ́ kíà ló padà ṣe sípọ́ńsọ̀ físà fún mi, mo dúpẹ́. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa ní July 2025, wọn ò lè mú òṣìṣẹ́ kíà láti òkè òkun mọ́. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n gbé owó oṣù tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san kó tó lè sípọ́ńsọ̀ èèyàn fún Skilled Worker, ìyẹn físà iṣẹ́, dé £41,700 lọ́dún, àwọn kan wà tí tiwọn lè kéré sí i, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé, àmọ́ kì í ṣe owó tí wọ́n ń san fún ọmọ tuntun tó jáde nínú Public Health ní àdúgbò mi. Graduate visa, èyí tí wọ́n fi ń dúró ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé, tó jẹ́ ọdún méjì, ẹni tó bá máa gbà á láti January 2027, oṣù méjìdínlógún ni tiẹ̀. Àwọn ìbejì mi bá mi wá torí pé 2022 ni, láti January 2024 ẹni tó bá wá ka másítáàsì tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́.

Àǹtí ẹ ò parọ́ fún ẹ, ohun tójú wọn rí ni wọ́n sọ. Iye tí wọ́n ń ná ọjà ní 2022 ni wọ́n fi ń ná an fún ẹ.

Láàbù_sí_Laptop:

Ẹ̀gbọ́n Dortmund, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ má tíì lé e kúrò nídìí Data Science pátápátá. Ẹnu ọ̀nà iwájú ló tì.

Biochemistry lèmi kà, másítáàsì tí mo ṣe ní Jámánì náà, bakitéríà ni látòkè délẹ̀. Nígbà tó kan tẹ́síìsì, ọ̀gá mi ní ká yẹ bakitéríà tó wà nínú erùpẹ̀ oko wò nípa DNA wọn. A kó erùpẹ̀ lọ, wọ́n ṣe sequencing, ìyẹn ni pé wọ́n ka DNA náà, wọ́n dá fáìlì padà fún mi. Mo ṣí i ní Excel, Excel kọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ẹ rántí pé ìlà 1,048,576 ni Excel lè gbà nínú ṣíìtì kan, fáìlì tèmi jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bó ṣe di pé mo kọ́ R, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù láti fi yẹ data wò, nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá a wọ̀yá ìjà, mo máa kọ ìlà márùn-ún, yóò gbé pupa jáde lójú mi. Nígbà tí màá fi parí tẹ́síìsì mo ti ń kọ ọ́ bí ẹní kọ lẹ́tà. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lónìí, data ni, ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, ohun tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ gbà mí ni pé mo mọ kọ̀ǹpútà, mo tún mọ bakitéríà. Ẹni tó ka Data Science gangan á kọ kóòdù jù mí lọ, àmọ́ tí nọ́ḿbà bá jáde tí kò bójú mu, èmi ló máa mọ̀ pé wọ́n ti da sáńpù rú ní láàbù.

Tóo bá wọ Microbiology, béèrè nípa bioinformatics, fífi kọ̀ǹpútà yẹ data bí DNA wò, lọ́jọ́ tóo bá dé. R ọ̀fẹ́ ni, o lè ti máa kọ́ ọ láti Àkóbọ̀ níbẹ̀.

Àgbà_Ọ̀yọ́:

Kò tíì sẹ́ni tó sọ ti òtútù fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ_Àkóbọ̀:

Ẹ ṣé gan-an ni o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín. Mo ṣe bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, mo gbé transcript mi sílẹ̀ lálẹ́ àná, mo mú bírò pupa. MTH 101 yúnìtì mẹ́ta, MTH 102 mẹ́ta, biostatistics méjì, kọ̀ǹpútà méjì. Gbogbo ẹ̀ ò ju mẹ́wàá lọ, Data Science tí mo kọ́kọ́ ṣí sì ń béèrè 30 ECTS nínú ìṣirò nìkan, kó tó wá kan ti kọ̀ǹpútà. Ti Microbiology ńkọ́, mo fi máàkì sára gbogbo ohun tí wọ́n béèrè, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Mo tún pe ẹ́jẹ́ǹtì yẹn, mo bi í ní ECTS. Ó ní ìyẹn ò ṣe nǹkan, pé àwọn mọ ẹnì kan níbẹ̀. Mo ní ó dàárọ̀.

Ìbéèrè mi tó kù: 3.80 yìí, kí ló jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, torí mo rí i níbì kan pé wọn ò fẹ́ ju 2.5 lọ, ẹ̀rù bà mí. Àti èdè Jámánì, ṣé dandan ni bí kọ́ọ̀sì bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì?

Bàbá_Dortmund:

Má bẹ̀rù. Lọ́dọ̀ wọn 1 ló ga jù, 4 lẹni tó kù díẹ̀ kó fèèlì. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ nìyí: mú 3.80 kúrò nínú 5, ó ku 1.2. Ìsọdipúpọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú 3 jẹ́ 3.6. Pín in sí 4, ìyẹn bí ilé-ìwé ẹ bá ka 1 sí máàkì tó kéré jù téèyàn fi lè páàsì, ó di 0.9. Fi 1 kún un, 1.9 ni tìẹ. Ara ẹ yá gágá.

Èdè ńkọ́, láti wọlé, kì í ṣe dandan. Láti jẹun, dandan ni. Físà akẹ́kọ̀ọ́ gbà ẹ́ láyè ọjọ́ 140 lọ́dún láti fi ṣiṣẹ́, èmi wíáháùsì ni mo lo tèmi sí, aago mẹ́ta òru mò ń to páálì sórí bẹ́líìtì, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń tún ohun kan náà sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò gbọ́ ọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó gbọ́ èdè díẹ̀ wà nínú láàbù yunifásítì, inú ooru, owó wọn tún ju tèmi. Tóo bá sì parí, oṣù méjìdínlógún ni wọ́n máa fún ẹ láti fi wáṣẹ́, oṣù yẹn máa ń sáré. Gbìyànjú kóo ní B1, ìpele kẹta nínú èdè wọn (A1 ni ìbẹ̀rẹ̀), kóo tó wọ bàálù. Kóo tún ṣọ́ ọjọ́ tí wọ́n ń ti fọ́ọ̀mù pa, àwọn kan oṣù kẹta, àwọn kan oṣù karùn-ún, àwọn míì 15 July, fún October.

Ọmọ_Àkóbọ̀:

Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ síbí pátá, wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ti páálì yẹn. Wọ́n wá pe ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, wọ́n ní kó lọ ní sùúrù ná, pé ìwé ìgbanisílé-ìwé làwọn fẹ́ fojú rí kí àwọn tó fọwọ́ síwèé tiẹ̀. Ọkùnrin náà bínú. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún A1, Sátidé Sátidé ni. "Ich heiße" (orúkọ mi ni) ni mo dé báyìí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.