Ẹ gba "akẹ́kọ̀ọ́-dókítà" kúrò lórí àtẹ ọ̀rọ̀ wa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Alàgbà wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn dókítà tó ti gboyè tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ kó lè di kọ́ńsọ́tántì, lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dínwó tí ilé ìtajà ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ: "akẹ́kọ̀ọ́-dókítà". Lójú tiwọn, ìdáhùn ti wà nínú orúkọ yẹn. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni alàgbà wò?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àmì ohùn jà, nítorí "akẹ́kọ́" ni wọ́n ń kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé wọn. Kọ́ àti ẹ̀kọ́ ló pàdé níbẹ̀. A pa fáwẹ̀lì kọ́ jẹ, ohùn òkè rẹ̀ gun orí ẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tí wọ́n lé níbẹ̀ sì sá lọ bá sílébù tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ la ti rí kọ̀ọ́. Ohùn àárín ló máa ń kú tí a kì í rí òkú rẹ̀, bíi ti iṣẹ́ nínú kọ́ṣẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ kì í kú bẹ́ẹ̀. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní girama yìí ní Ilé-Ifẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tó sọ ohùn ìsàlẹ̀ nù tí mo fún ní máàkì.

Ó di orí ọ̀rọ̀ gan-an. Nínú àpólà orúkọ wa, orí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó sọ ohun tí nǹkan jẹ́, ló ń ṣáájú, ẹ̀yán, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé rẹ̀, a tẹ̀ lé e. Ilé ìwé, ilé ni. Ọmọ ọba, ọmọ ni, kò tíì jọba. Akẹ́kọ̀ọ́-dókítà, akẹ́kọ̀ọ́ ni! Èdè Òyìnbó ló ń fi ẹ̀yán ṣáájú, alàgbà sì kó ètò wọn wọlé tọ̀ wá wá. Ọmọ tó wà ní kíláàsì ìṣègùn ní OAU, tó ń lé oyè dókítà, MB ChB, òun ló ni orúkọ yẹn. Rẹ́sídẹ́ǹtì ti gba oyè náà, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀, ó ń wo aláìsàn, ó ń fọwọ́ sí ìwé oògùn, ó sì ń gba owó oṣù lórí CONMESS, àtẹ owó oṣù àwọn dókítà ìjọba. Ìdánwò tó kù fún un wà lọ́wọ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn oníṣègùn àgbà, ti Nàìjíríà àti ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Kí la tilẹ̀ ń pe irú OAUTHC, ilé ìwòsàn OAU tó wà lọ́dọ̀ wa níbí? Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Kọ́ṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì, NARD, pa iṣẹ́ tì láti ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, ìyanṣẹ́lódì la pè é. Iṣẹ́ tún wà nínú ìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló ń yanṣẹ́ lódì?

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin láti Iléṣà ní ká máa pe rẹ́sídẹ́ǹtì ní "ọmọṣẹ́". Wọ́n ní bàbá àwọn, tó bá àwọn òyìnbó Mẹ́tọ́díìsì ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, kò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì kì í gbowó oṣù, òbí rẹ̀ ló ń sanwó fún ọ̀gá. Ti "dókítà olùgbé" tí ẹnìkan mú wá, mo rẹ́rìn-ín débi tí omi bọ́ lójú mi. Lóòótọ́, inú ilé ìwòsàn ni àwọn àkọ́kọ́ wọn lókè òkun ń gbé, ṣùgbọ́n lónìí ó dà bí ẹni tó háyà yàrá sí wọ́ọ̀dù.

Ní ti ẹ̀tọ́, àwọn Amẹ́ríkà ti gbé ọ̀rọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ni rẹ́sídẹ́ǹtì dé ilé ẹjọ́. Òfin wọn yọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé ìwé rẹ̀ kúrò nínú owó orí ìfẹ̀yìntì. Mayo, ilé ìwòsàn ńlá kan níbẹ̀, ní akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì òun. Ìjọba ní ẹni tó bá ń ṣe tó wákàtí 40 lọ́sẹ̀, òṣìṣẹ́ ni. Ní oṣù kìíní 2011, adájọ́ 8 nílé ẹjọ́ gíga jù lọ gbè sẹ́yìn ìjọba, kò sẹ́ni tó yapa. Ṣáájú ìyẹn, ní 1976, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti pe àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì ní akẹ́kọ̀ọ́, àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì ò sì lè fi òfin ìjọba àpapọ̀ fipá mú ọ̀gá wá sídìí àdéhùn. 1999 ni wọ́n tó yí i padà. Ẹ wo ẹni tó ń pariwo "akẹ́kọ̀ọ́" lẹ́ẹ̀mejèèjì: ọ̀gá ni. Mo gbà pé rẹ́sídẹ́ǹtì náà ì bá jèrè bí Mayo bá borí, nítorí 7.65 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ń yọ fún owó orí yẹn. Àmọ́ ẹ má fi orúkọ tí ọ̀gá fẹ́ràn rán èdè wa níṣẹ́.

Ọlọ́jà ló ni ẹ̀dínwó rẹ̀. Rẹ́sídẹ́ǹtì tó bá forúkọ sílẹ̀ fún másítà ní nọ́ńbà mátíríkì, kó fi hàn wọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, AMA, tiẹ̀ ya owó ẹgbẹ́ tí rẹ́sídẹ́ǹtì ń san sọ́tọ̀ sí ti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn.

Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun dandan, mo fi "dókítà akọ́ṣẹ́kúnṣẹ́" sílẹ̀, ìbejì akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni, dókítà ló sì ṣáájú. Bí ó bá gùn jù lẹ́nu yín, rẹ́sídẹ́ǹtì tí gbogbo Ifẹ̀ ń pè é ti tó.

Alàgbà, kí ẹ tó tún kọ̀wé: ọmọ tó wà ní ọdún kẹrin ìṣègùn, tí kò tíì lè fọwọ́ sí ìwé oògùn kankan, kí lẹ fẹ́ máa pe òun?