Nọ́ọ̀tì já sínú táńkì mówà, báwo la ṣe máa yọ ọ́?

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mówà àfọwọ́tì tá a fi ń gé koríko ọgbà ilé-ìwé ni. Nọ́ọ̀tì sípánà 10 já sínú táńkì epo rẹ̀ nígbà tá à ń tú fílítà afẹ́fẹ́. Ike ni táńkì náà, epo inú rẹ̀ tó ìdajì, ọwọ́ ò sì wọ ẹnu rẹ̀. Ṣé ká máa lò ó bẹ́ẹ̀?

Mẹkáníìkì Ìlọrin: Rárá, ẹ yọ ọ́. Lóòótọ́, kò lè gba ihò tí epo ń gbà jáde, kò ní dé kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Àmọ́ tí mówà bá wà lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó lè yí lọ dí ihò yẹn, kí ẹ́ńjìnnì kú, kí ẹ wá máa tú kabúrétọ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Kí ẹ́ńjìnnì tutù ná. Ẹ yọ fìlà orí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ gbé mówà síta gbangba, jìnnà sí iná àti sìgá. Ẹ wá òòfà ńlá ẹ̀yìn sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ gbé e sí ìdí táńkì láti ìta. Ẹ ó gbọ́ "kọ́" bí nọ́ọ̀tì bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ máa wọ́ òòfà náà gòkè lára táńkì díẹ̀díẹ̀. Abẹ́ ọrùn táńkì ló ti máa ń bọ́, torí etí kan yọ sínú níbẹ̀. Tó bá ti débẹ̀, ẹ ti òòfà kékeré tí ẹ so mọ́ wáyà bọ ẹnu táńkì lọ pàdé rẹ̀. Táńkì onírin ò gba èyí o.

Àgbà Ọ̀mù-Àrán: Àlàyé ọ̀gá dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nọ́ọ̀tì ni òòfà ń fà. Ẹ kọ́kọ́ fi òòfà kan ìkejì nọ́ọ̀tì náà wò. Bí kò bá fà á, ẹ tú róbà epo lẹ́nu kabúrétọ̀, kí epo ṣàn sínú kẹ́ẹ̀gì tó wà nílẹ̀. Ẹ má fẹnu fà á. Ẹ tú bóòtì táńkì, ẹ yọ ọ́, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n. Ẹ má dojú odidi mówà dé: ọ́ìlì á ya wọ fílítà afẹ́fẹ́ àti kabúrétọ̀, èéfín funfun ni ẹ ó máa gé lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe koríko. Róbà tó ti gbó máa ń gan. Ẹ yí i kó tú, tẹ́ ẹ bá fà á, ẹnu táńkì tó wọ̀ lè kán.

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ ṣé, òòfà fa ìkejì nọ́ọ̀tì náà. Bébà dídán ẹnu ike ọ́ìlì náà tún wà nínú ẹ̀. Ṣé ìyẹn ò ní wàhálà?

Mẹkáníìkì Ìlọrin: Ìyẹn gan-an ló burú jù. Ó fẹ́lẹ́, epo á gbé e lọ lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò bí ewé, òòfà ò sì ní fà á. Mówà á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á kú. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, á tún jí. Ẹ tú róbà epo bí àgbà ṣe wí, kí epo ṣàn tán nínú táńkì, kí ẹ fi wáyà kọ́pà tí ẹ tẹ̀ lẹ́nu kọ́ ọ jáde. Ẹ fi epo mímọ́ bí ife kan ṣan inú rẹ̀ sínú agolo kí ẹ tó dá róbà padà. Tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, aṣọ ọ̀rá máa ń ta iná pẹ́pẹ́, ẹ fọwọ́ kan irin mówà kí ẹ tó ṣí ìdérí.